Jíìpù Àlòkù fún Ìdílé: Lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù sí Ọ̀fà

Sí ẹbí àti ará ilé ní Ọ̀fà,

Ọ̀rọ̀ jíìpù tí ìdílé fẹ́ rà kọjá iye tí ẹni tó ń tà á bá pè, nítorí pé ọkọ̀ oníjókòó ìlà mẹ́ta, tó lè kó bàbá, ìyá, àwọn ọmọ àti ẹrù wọn dé Ìlọrin tàbí Èkó, ní ohun tí yóò máa jẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó rẹ̀ tán.

Àwọn kan ń béèrè ìdí tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi gbé ọkọ̀ ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Apá ọ̀tún ni sítíárì ọkọ̀ Ìlú Ọba wà, Nàìjíríà sì ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, òfin kò sì gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ jíìpù tòkunbọ̀ fi ń ti Amẹ́ríkà àti Kánádà wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba sì ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun gbé tòun gba Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wá ní owó pọ́ọ́kú, ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè, kí àwọn aṣọ́bodè má baà gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí owó ti bọ́.

Nọ́ńbà sásí, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tí èèyàn lè kà láti ìta nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ló ń sọ ìtàn ọkọ̀. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ohun tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, A ni 2010, ẹnu ẹni tó ń tà á kò sì lè yí i padà. Ọkọ̀ tí omi ti bò mọ́lẹ̀, irú èyí tó pọ̀ ní Texas lẹ́yìn ìjì Harvey ti oṣù kẹjọ ọdún 2017, lè máa dán gbinrin lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Kí wọ́n fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, nítorí pé ẹni tó fọ ọkọ̀ kì í sábà rántí ibẹ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ àti ojú ìlà omi a sì máa wà lára rẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, jíìpù Toyota Highlander onípọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fà tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2007 ń lo timing belt, èyí tí í ṣe ìgbànú rọ́bà tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí bó ṣe yẹ, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ní kí wọ́n pààrọ̀ ní máìlì 90,000. Bó bá já lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́, ìrìn àjò parí nìyẹn. Láti ti ọdún 2008 ni ẹ̀wọ̀n irin ti rọ́pò rẹ̀.

Epo ló kàn. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà, ṣùgbọ́n kí ọdún 2024 tó parí ó ti lé ní 1,000. Ẹ́ńjìnnì onípọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fà bẹ́ẹ̀ lè mu lítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kìlómítà 100. Ẹni tó bá ń ra jíìpù kí àdúgbò lè mọ̀ pé òun lọ́mọ lókè-òkun kò ṣẹ̀, àmọ́ àdúgbò kì í bá èèyàn ra epo.

Èrò ẹni tó kọ lẹ́tà yìí ni pé onípọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin tí wọ́n ti lò nílé, lọ́wọ́ ẹni tí ìdílé mọ̀, tí mẹkáníìkì rẹ̀ sì wà láàyè láti sọ ohun tó ti túnṣe lára rẹ̀, sàn ju tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀ lọ. Kí wọ́n má sì ná gbogbo owó náà tán sórí rírà, torí táyà, bátìrì àti ọ́ìlì gíà kì í dúró de ìparí oṣù. Kí wọ́n fi nọ́ńbà sásí ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó dúnàádúrà, a ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan náà.

Ọmọ Ọ̀fà kan ní Lọ́ńdọ̀nù