Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Iṣẹ́ Wa Lọ

Ní Under G, bí wọ́n bá ti dárúkọ Life In My City Art Festival, àwáwí dé nìyẹn. Owó férémù ńkọ́? Ṣé àwọn adájọ́ kì í ṣe ojúsàájú? Ti owó dùn wá lóòótọ́. Kéèyàn kó kánfáàsì sínú mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe eré. Ti ojúsàájú ni a ò gbà. Láti 2007 ni ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Enugu, fún ọ̀dọ́ tí kò ju ọmọ ọdún 35 lọ. Mélòó nínú àwa tá à ń pariwo ló ti fi iṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ rí? (Ẹ má purọ́, a mọ ara wa.)

Adájọ́ lè ṣìnà o. Ní Paris ní 1863, wọ́n kọ iṣẹ́ Manet àti ti ọ̀pọ̀ èèyàn, títí Napoleon Kẹta fi ní kí wọ́n pàtẹ àwọn tí wọ́n kọ̀ náà, kí aráàlú fojú ara wọn wò ó. Ṣùgbọ́n Manet ti gbé tirẹ̀ lọ ná. Èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, ta ló máa rí i tí yóò kọ̀ ọ́?

Ohun tí a ò ní ṣe ni ká máa kun ohun tí a rò pé adájọ́ fẹ́. Bó bá jẹ́ ọlọ́kadà Under G lo mọ̀ ọ́n yà, òun ni kó o gbé lọ. A ti ń dáwó mọ́tò. Àyè ṣì wà.