Oúnjẹ ní White House: kí ni ààrẹ márùn-ún láti Áfíríkà gbé dání lọ?

Ní ọjọ́ 9, oṣù Keje, ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump gba àwọn ààrẹ Liberia, Senegal, Gabon, Guinea-Bissau àti Mauritania ní àlejò ní State Dining Room, gbọ̀ngàn tí White House ti máa ń ṣe àsè fún àwọn olórí orílẹ̀-èdè.

Èyí tó gba ẹnu aráyé ni bí Trump ṣe bi Ààrẹ Joseph Boakai ibi tó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba Liberia; àwọn adúláwọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ló sì kéde òmìnira rẹ̀ ní 1847.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níwájú kámẹ́rà, onílé ló ń pín ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ààrẹ Mauritania gùn, Trump ní kí àwọn tó kù ṣe kíá, kí wọ́n dárúkọ ara wọn àti orílẹ̀-èdè wọn. Púpọ̀ nínú wọn yin onílé, wọ́n sì polówó àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ wọn. Ààrẹ Senegal tilẹ̀ pè é wá kọ́ pápá gọ́ọ̀fù.

Tí ẹni márùn-ún bá ń polówó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oníbàárà kan ṣoṣo, oníbàárà ni yóò dá iye lé ọjà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iye tí wọn yóò tà á, àti ibi tí wọn yóò ti sọ àlùmọ́ọ́nì náà di ọjà, ilé ló yẹ kí wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí kí ìwé ìpè mìíràn tó dé.