Kí Ajílẹ̀ Má Di Májèlé Lóko

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ gáàsì ìdáná tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe rí. Wọ́n á da ìgbẹ́ àti ẹ̀gbin sínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, yóò jẹrà, gáàsì yóò sì jáde. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ni àwọn àgbẹ̀ ń dà sóko bí ajílẹ̀. Ní ọdún 2005, ètò láti ṣe irú rẹ̀ ní odò ẹran Bódìjà, n'Ìbàdàn, gba àmì-ẹ̀yẹ SEED.

Ohun tó dára ni, pàápàá nígbà tí owó ajílẹ̀ òyìnbó ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Òjé, kádímíọ̀mù, bàbà àti síǹkì kì í jẹrà. Bí ẹ̀gbin ṣe ń di gáàsì tó ń dín kù, àwọn irin wọ̀nyí kì í bá a lọ. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń ṣù jọ sí.

Níbo ni wọ́n ti ń wá? Síǹkì àti bàbà wà nínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ, èyí tí ara wọn kò bá lò ń bá ìgbẹ́ jáde. Lódò ẹran, àwọn kan ṣì ń fi táyà sun awọ màlúù láti ṣe pọ̀nmọ́, bẹ́ẹ̀ síǹkì wà nínú táyà. Bí wọ́n bá gbá eérú rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbin, ó di inú táǹkì. Bí wọ́n bá tún da pàǹtí ìgboro tí bátìrì wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀ràn dé nìyẹn.

Àgbẹ̀ tó dà á sóko lẹ́ẹ̀kan lè má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọdún dé, ọdún lọ, ilẹ̀ ń kó o jọ, kò sì ṣeé fọ̀ kúrò bọ̀rọ̀. Ẹ̀fọ́ máa ń fa kádímíọ̀mù, bó bá sì pẹ́ lára, kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ní ti òjé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé Zamfara, níbi tí òjé láti ibi ìwakùsà góòlù ti pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ọdún 2010.

Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2022 sọ pé ajílẹ̀ irú èyí tó bá fẹ́ gba àmì wọn kò gbọ́dọ̀ ní ju mílígíráàmù 120 òjé àti 1.5 kádímíọ̀mù lọ nínú kílò kan tó ti gbẹ.

Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ti táǹkì gáàsì pa. Ohun tó tọ́ ni pé kí ìjọba fòpin sí fífi táyà sun awọ, kí wọ́n má jẹ́ kí pàǹtí ìgboro wọ táǹkì, kí ẹni tó ni táǹkì sì fi owó ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kó tó gbé e fún àgbẹ̀. Kí àgbẹ̀ náà béèrè ohun tó wọ táǹkì kó tó dà á sẹ́bè. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.