Ta Ni Yóò Pa Iná Kí Pọ́npíyé Tó Dé?

Ọyẹ́ ń bọ̀, ọ̀rọ̀ iná sì ti tó sọ.

Kò sẹ́ni tó lè gbàgbé September 23, 2023. Ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí gbaná ní Sèmè-Kraké, nítòsí Àjàṣẹ́. Ó ju 30 ènìyàn lọ tó bá a lọ, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn.

Àwọn panápaná wa ní Benin, tí a ń pè ní pọ́npíyé, ọmọ ogun ni wọ́n. Nọ́ńbà wọn ni 118. Ọ̀nà Paris ni ètò náà tọ̀. Ní 1810, iná sọ níbi àríyá aṣojú ìjọba Austria ní Paris, Napoleon fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Nígbà tó di 1811, ó sọ iná pípa ní Paris di iṣẹ́ ológun.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ju ìdajì ìtàn lọ. Ní ilẹ̀ Faransé lónìí, yàtọ̀ sí àwọn ìlú bíi Paris àti Marseille, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ń bójú tó pọ́npíyé tirẹ̀. Òfin 1996 ló fìdí ètò yìí múlẹ̀, àwọn ìlú sì ń dá owó sí i. Nínú pọ́npíyé mẹ́wàá, ó ju méje lọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ̀tọ̀: àgbẹ̀, káfíńtà, olùkọ́. Wọ́n kọ́ iná pípa mọ́ ọn ni, kí wọ́n lè gba aládùúgbò wọn là.

Ìdajì yìí gan-an ló yẹ wá. Láti Kùtọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́ ju 200 kìlómítà lọ. Iná tó mú abà àgbàdo tàbí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bèèrè. Kí mérì kọ̀ọ̀kan fi owó sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní iná pípa àti ìtọ́jú ẹni tó fara pa, kí àwọn pọ́npíyé fúnra wọn sì jẹ́ olùkọ́ wọn. Kí àwọn baálẹ̀ àti ìyálọ́jà la ọ̀nà sáàárín ọjà, kí ọkọ̀ lè wọlé, kí omi sì wà nítòsí. Kí kpayo kúrò nínú ilé. A mọ̀ pé òun ló ń bọ́ ìdílé púpọ̀, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni febi pa ọmọ. Àmọ́ yàrá tí ọmọ ń sùn kọ́ ni ààyè rẹ̀.

Ẹ̀yin olóyè, bí mérì bá pè yín sípàdé, ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn.