Ẹ Béèrè Ìwé Àṣẹ Kí Ẹ Tó Sanwó Iṣẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Fífà

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn òbí kan láàrin àwa Yorùbá tó ń gbé Dei-Dei ti ń bi wá léèrè nípa iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ wọn ní àwọn fẹ́ kọ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ni ti àwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn fún àyẹ̀wò, àwọn tí òyìnbó ń pè ní phlebotomist. Ẹni tó ń ta pákó tàbí irin lọ́jà wa mọ bí owó ṣe ń wọlé lóde òní. Bí ẹnìkan bá wá ní òun yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ ìlera láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí yóò sì gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣàì wọ̀ ọ́ létí. Ohun tí àwa rí níbẹ̀ rèé, a kò sì ní fi bò.

Ní Nàìjíríà, kò sí ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ kan tí ìjọba ń fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹ̀jẹ̀ fífà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ láàbù, nọ́ọ̀sì àti dókítà ló ń ṣe é. Àjọ tó ń forúkọ àwọn ti láàbù sílẹ̀ ni Medical Laboratory Science Council of Nigeria, tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní láàbù yóò lo ọdún 2 nílé-ẹ̀kọ́ ìlera, tẹkiníṣíànù yóò lo ọdún 3. Onímọ̀ láàbù gangan yóò lo ọdún 5 ní yunifásítì, yóò sì tún fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lọ́síbítù. Ẹ wá wò ó, níbo ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bọ́ sí nínú èyí?

Àwọn kan á ní kí ló wà nínú ká fi abẹ́rẹ́ gún apá. Ó wà níbẹ̀ o. Okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń so apá kò yẹ kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìgò tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ní èyí tó ń ṣáájú: aláwọ̀ pupa ló ń ṣáájú aláwọ̀ àlùkò, nítorí oògùn inú aláwọ̀ àlùkò ní potassium nínú. Bí díẹ̀ bá kán sínú pupa, láàbù á kọ ọ́ pé potassium ara aláìsàn ti ga jù, dókítà á wá máa tọ́jú àìsàn tí kò sí. Ojú aláìsàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò. Bí ìgò ẹni méjì bá pààrọ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ara mu lè wọ ara ẹnìkan, ìyẹn sì lè pa á. A ò tíì sọ ti HIV àti hepatitis tí abẹ́rẹ́ àlòtúnlò ń gbé kiri.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 1999, ní Palo Alto ní California, àṣírí tú pé òṣìṣẹ́ láàbù kan ń tún abẹ́rẹ́ lò fún aláìsàn míràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n sì ké sí láti wá ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ṣòfin lé e lórí lọ́dún náà, ìlànà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Lónìí, kí ẹnìkan tó gbàwé àṣẹ iṣẹ́ yìí ní California, yóò ti jókòó gbẹ̀kọ́, yóò ti fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ní ìgbà 50 níṣojú ọ̀gá, yóò sì yege ìdánwò. Nítorí náà, kí ọmọ tó ń fọkàn sí òkè òkun má ṣe rò pé ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti Dei-Dei yóò ṣílẹ̀kùn fún òun níbẹ̀.

A kò sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò wúlò rárá. Nọ́ọ̀sì tàbí tẹkiníṣíànù tó ti ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lè fi í pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ sí i. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé gírámà ló ń fi owó bàbá rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ka owó sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àjọ náà, Àbújá níbí ni wọ́n wà, bóyá wọ́n mọ iléèwé ọ̀hún. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí ẹ gbà, ẹ má gba “wọ́n ti ń bá wa ṣe é lọ́wọ́.” Àwa náà ń bẹ àjọ yìí pé kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn iléèwé tí wọ́n fọwọ́ sí mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà Dei-Dei, kí wọ́n sì ka á lórí rédíò ní Hausa, Gbagyi, Ìgbò àti Yorùbá, kí ìgbà ìgbanisíléèwé tó ń bọ̀ tó dé.