Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Máa Yọjú



Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a fẹ́ sọ ọ́ jáde. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ tí a kọ́ ń gba BAC. Àwọn mìíràn gba licence. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó ti fóònù, wọ́n á máa fi CV ránṣẹ́ sí Kútọnu. Bí ọdún kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn, wọ́n á gun zémidjan. Kò sí ìtìjú nínú zémidjan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ nìyẹn.

Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a jáde, lẹ́tà tí a kọ lé ní ogún, a ò rí èsì kan ṣoṣo. Níbi ìkómọ kan ni a ti jókòó ti bàbá kan tí a ò mọ̀ rí. Ó bi wá ní ohun tí a kọ́, a sọ fún un. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń wá vacataire. A lọ, wọ́n dán wa wò, wọ́n sì gbà wá.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1973. Ó bi àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹnìkan pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí. Àwọn tó ń rí i lemọ́lemọ́ kò ju bíi 17 nínú 100 lọ. Ojúlùmọ̀ tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ta wọ́n lólobó jù. Ó sì yéni: ohun tí ọ̀rẹ́ wa mọ̀, àwa náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti ibòmíràn wá ló ń mú ìròyìn tuntun bọ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Kétu. Ọdún 2013 ni ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín, èyí tó ti di Université Nationale d'Agriculture. Ọmọ mélòó nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko bàbá wọn ló ti yà síbẹ̀ láti kí olùkọ́ kan? Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 fi Kétu sí apá kan, ó fi Ìmẹ̀kọ sí apá kejì, ṣùgbọ́n kò gé ẹbí. Bí gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, tàbí tí a bá ń ṣe òkú àgbà, àwọn ará wa á ti Èkó, Abẹ́òkúta àti Àjàṣẹ́ wálé. A ó jẹun, a ó jó, a ó túká. Ta ló mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí kọ́ṣẹ́ iná, kí ló kù kó mọ̀?"

Àwọn kan á ní "bras long" la fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ. Rárá o. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fún ọmọ òun ní ipò tí ẹlòmíràn yege fún nínú concours, olè ló ń jà. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ọmọ mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ìwé rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi wọlé. Bí ọmọ tálákà kò bá mọ ibẹ̀, àwọn ọmọ olówó nìkan ni yóò máa gbọ́ pé iṣẹ́ wà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn. Kí wọ́n má fi "ẹ bá mi wáṣẹ́" bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kí àgbà bó ti yẹ, kí wọ́n bi í bó ṣe dé ibi tó wà, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ní gbólóhùn méjì. Kí wọ́n sì padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kí àwọn ọmọbìnrin má dá lọ sílé ẹnikẹ́ni. Gbangba ni kí wọ́n ti rí i, kí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ sì tẹ̀lé wọn.

Fóònù dára, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Níbi ayẹyẹ tó ń bọ̀, kí ẹ tó bu oúnjẹ, ẹ mú ọmọ kan lọ kí ẹnìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má sá fún wọn. Ẹ sọ tiyín fún wa náà: ta ló júwe ọ̀nà iṣẹ́ tẹ́ ẹ wà yìí fún yín?