Ta Ló Ní Etí Wa Ò Tíì Gbọ́ Orin?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, a sì ti dákẹ́ fún un tó. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fi hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́ orin láti inú fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù lásán kò tíì gbọ́ orin rárá. Wọ́n ní àfi kó lọ ra DAC. Bó bá sì ra èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, wọ́n á tún ní ìyẹn kọ́, èyí tó wọ́n ni DAC gidi. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ló ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, owó ìwé ló ń bá a lọ, ìdí nìyí tí a kò fi lè máa wò wọ́n níran mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ohùn kọ́ ló wà nínú fáìlì orin, òǹkà ni. Ẹ̀rọ tó gba orin náà sílẹ̀ ti wọn ìgbì ohùn, ó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n, ó sì ń kọ iye tó bá bá níbẹ̀ sílẹ̀. Nínú òfin àwo CD tí Sony àti Philips jọ fọwọ́ sí ní 1980, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. DAC ni ẹ̀rọ tó ń ka òǹkà yẹn padà di iná tó ń ru sókè tó ń rọ̀ wálẹ̀. Iná yìí ló wá ń mi awọ pẹlẹbẹ tó wà nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù, bí ọ̀pá ṣe ń mi awọ gángan.

Kò sí fóònù olórin tí kò ní DAC nínú. Kò sí láptọ́ọ̀pù tí kò ní in. Okùn kékeré tí Apple ń tà láti ìgbà tí wọ́n ti dí ihò íápíìsì lára iPhone 7 ní 2016, DAC wà nínú rẹ̀. Hẹ́ẹ̀dìfóònù Bluetooth náà ní tirẹ̀ tó gbé pọ̀n. Níbi tá a dé yìí, ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀. A mọ ẹnì kan tó ra DAC, tó gbé e sórí tábìlì, tó sì ń fi Bluetooth gbọ́ orin tààrà láti ara fóònù rẹ̀. DAC náà kò ṣe iṣẹ́ kankan ju kó máa tan iná búlúù lọ. Ẹni wa ní ohùn ti yàtọ̀!

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta wá sójú agbo. Èkíní ni okùn Apple tá a sọ yẹn, dọ́là 9 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni Modi tí ilé iṣẹ́ Schiit gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2012, tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 99 nígbà náà. Ẹ̀kẹta ni DAVE tí Chord ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ju dọ́là 10,000 lọ. Ẹ tún un kà o: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Àwọn tó ní irinṣẹ́ ti wọn okùn Apple wò, ariwo àti àbùkù tó ń dá kún orin fi bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 wà nísàlẹ̀ orin fúnra rẹ̀. Kí ni ìyẹn já sí? Bí ẹ bá yí orin sókè dé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, níbi tí yóò ti máa ba etí jẹ́, ariwo okùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òdo, níbi tí etí tó dá ṣáká kò ti fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan mọ́. Yàrá tó pa lọ́lọ́ lóru ṣì máa ń ní tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 30. Ẹ wá fi fáànù kún un, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì kún un, kí ẹ wá sọ fún wa ibi tí ẹ ti fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà gbọ́.

A kò sọ pé DAVE kò dára ju okùn Apple lọ lójú irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan. Ó dára jù ú. Ohun tí à ń sọ ni pé ibi tó ti dára jù ú, etí ènìyàn kò dé ibẹ̀. Etí wa kì í gbọ́ ju ìgbì bíi 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣe ń dàgbà ni iye náà ń dín kù. Claude Shannon sì ti fi ìṣirò hàn kedere nínú ohun tó tẹ̀ jáde ní 1949 pé bí a bá wọn ìgbì ju ìlọ́po méjì èyí tó yára jù nínú rẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ la ti kó tán. Kò sí ìyókù kankan láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì tí DAC olówó gọbọi kan fẹ́ lọ wá jáde.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa á ní: "Ẹ jẹ́ ká fi ìwé sílẹ̀, etí wa là ń lò." Ó dùn mọ́ wa. Etí náà la fẹ́ lò. Ní 2007, Meyer àti Moran tẹ ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ohùn ti Amẹ́ríkà, ìyẹn Journal of the Audio Engineering Society. Wọ́n lo orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó ga ju ti CD lọ, wọ́n sì tún gba orin kan náà kọjá nínú ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di òǹkà CD, tó tún sọ ọ́ padà di iná. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: odidi DAC mìíràn ni wọ́n kì bọ àárín. Àwọn olùgbọ́ kò mọ èwo ni wọ́n ń gbọ́. Nínú ìdáhùn 554, 276 ló tọ̀nà. Ẹni tó bá ń ta kọ́bọ̀ sókè yóò gba máàkì kan náà.

Ká má baà sọ pé a fi ẹjọ́ ẹnì kan pamọ́: ní 2016, Reiss tó wà ní Queen Mary, ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, kó ìdánwò 18 irú èyí jọ, ó sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn, ó lé díẹ̀ ní 52 tó tọ̀nà. Ó ju àádọ́ta lọ, a gbà. Àmọ́ ṣé nítorí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnì kan ṣe máa jókòó sí kàfítéríà, tí yóò fi ọwọ́ sọ àyà, tí yóò ní "ọ̀sán àti òru ni ìyàtọ̀ wọn"? Ìdánwò yẹn tilẹ̀ dá lórí bí wọ́n ṣe gba orin sílẹ̀, kì í ṣe DAC dọ́là 9 àti ti dọ́là 99.

Kí wá ni wọ́n ń gbọ́? Wọ́n ń gbọ́ nǹkan, a kò pè wọ́n ní òpùrọ́. Okùn Apple ń gbé nǹkan bíi volt 1 jáde. Ọ̀pọ̀ DAC orí tábìlì ń gbé volt 2. Ìyàtọ̀ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 nìyẹn, bí wọ́n bá sì gba inú amplifáyà kan náà láìfọwọ́ kan bọ́tìnì ohùn, èkejì yóò ké sókè ju èkíní lọ. Orin tó bá sì fi díẹ̀ ké ju ìkejì rẹ̀ lọ, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó dùn jù ú, ó mọ́ jù ú, ó kún jù ú. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fi DAC méjì wé ara wọn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi mítà mú ohùn wọn dọ́gba, bọ́tìnì ohùn ló fi wé ara wọn. Gbogbo fídíò tí ẹ ń fi dátà wò yẹn, mélòó nínú wọn lẹ ti rí mítà?

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ èdè tún ní ẹjọ́ tiwa. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń júwe DAC. Wọ́n á ní ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù, ẹ̀kẹta ní afẹ́fẹ́ nínú, ẹ̀kẹrin ṣókùnkùn. Ẹ bi ẹni mẹ́ta nípa DAC kan ṣoṣo, ẹ ó gba ojú ọjọ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá kì í ṣe tálákà nínú ọ̀rọ̀ ìró. Bí ihò íápíìsì láptọ́ọ̀pù kan bá ní ariwo, ẹ pe ẹni mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò ní ó ń ṣe ṣíì. Bí iná ṣájà bá ń wọnú ohùn, hùùù ni gbogbo wọn yóò ní àwọn ń gbọ́. Bí okùn bá fẹ́ já, kẹrẹkẹrẹ ni. A kò sọ pé ohun tí kò lórúkọ kò sí o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìró kan bá wà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé rẹ̀ kì í pẹ́ délé, ẹnu gbogbo ènìyàn sì máa ń kò lé e lórí.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí ènìyàn ra DAC? Nígbà tí ṣíì yẹn bá wà. Nígbà tí ihò fóònù bá ti bàjẹ́ tàbí tí kò sí rárá. Bó bá jẹ́ hùùù ni, ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò lójú iná kí ẹ tó yọ owó, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí. Ẹni tó ń lo Android náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí okùn Apple kì í ké tó lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kó wá okùn mìíràn tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Tí hẹ́ẹ̀dìfóònù yín bá sì jẹ́ èyí tó ń jẹ iná púpọ̀, bíi HE6 ti HiFiMAN, amplifáyà ló ń bẹ̀ yín fún, kì í ṣe DAC. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé inú àpótí kan náà nígbà mìíràn. Hẹ́ẹ̀dìfóònù fúnra rẹ̀ wá ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Ọmọ ọdún márùn-ún yóò gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín íápíìsì ẹgbẹ́ ọ̀nà àti HD 600 ti Sennheiser, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ etí rẹ̀.

Èyí tó ń dùn wá jù la fi gbẹ̀yìn. Ní sáà tó kọjá, wọ́n fún wa ní ìjálá kan láti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ gbé fóònù sítòsí jẹnẹrétọ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí voice note orí WhatsApp, èyí tó ti fún ohùn náà pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òru méjì la fi jókòó ti ìlà kan, a kò mọ̀ bóyá ọkọ́ ni bàbá náà pè ni tàbí ọkọ̀. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, ẹnì kan gbà wá nímọ̀ràn pé ká dáwó ra DAC. Ìpìlẹ̀ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ kì í sábà ju ìgbì 400 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. DAC dọ́là 9 ń gbé e kalẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Kò sí DAC tó lè sọ ọkọ́ di ọkọ̀, kò sì sí èyí tó lè yọ jẹnẹrétọ̀ kúrò lára ìjálá. Nígbà tí a ní ká padà lọ bi bàbá ọlọ́jọ́ lórí yẹn léèrè, wọ́n ní ó ti papò dà.

Bákan náà ni orin àtijọ́ tí a fẹ́ràn. Yusuf Ọlátúnjí kú ní 1978, Àyìnlá Ọmọwúrà ní 1980, Hárúnà Ìṣọ̀lá ní 1983. Orí àwo ni iṣẹ́ wọn wà, ohun tó sì ń dé etí wa ni èyí tí ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ tó ti gbó kó jáde lórí àwo tó ti há. Ẹni tó bá fẹ́ kí Àyìnlá dún dáadáa, kó wá àwo tó mọ́ àti abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹni tó ń kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Owó DAC kan tó mọ níwọ̀n yóò ra maikirofóònù kékeré tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ, yóò sì tún ṣẹ́ kù fún ọkọ̀ lọ sí abúlé. Bí ẹ bá ti gba nǹkan sílẹ̀, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, kì í ṣe voice note, WhatsApp kò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bí nínú, kó gbé DAC tirẹ̀ wá sí yàrá ìkàwé wa, èyí tó wù kí iye rẹ̀ jẹ́. A ó fi mítà mú ohùn méjèèjì dọ́gba, a ó ta aṣọ bo orí tábìlì, ìgbà ogún la ó sì bi í pé èwo ló ń gbọ́. Okùn Apple wà lọ́wọ́ wa. Kó ṣáà jọ̀ọ́, kó mú hẹ́ẹ̀dìfóònù tirẹ̀ dání, etí ọ̀kan nínú tiwa ti dákẹ́.